Dókítà ní kí n dín ṣúgà kù, àmọ́ owó ọwọ́ mi ò ká oúnjẹ tó kọ fún mi

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkànbí
Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n wá yẹ ara wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní mọ́sálásí àdúgbò wa. Wọ́n ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é má fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọ́n gún mi níka láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi, ẹ̀rọ gbé 118 mg/dL. Mo lọ sí ọsibítù, wọ́n tún un ṣe, ó jẹ́ 116. Dókítà ní kò tíì di ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n pé mo ti sún mọ́ ọn. Ìyá tó bí mi ní àìsàn yìí. Ẹ̀gbọ́n wọn náà ní in, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi wà láyé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ojú mi ò rí oorun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n wá fún mi ní ìwé oúnjẹ: òòtì, búrẹ́dì wíìtì, ápù, ìrẹsì tí wọn ò bó funfun, òróró ólífì, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀. Mo mú ìwé náà lọ sí ọjà Mandate ní Ìlọrin níbí. Owó òòtì agolo kan àti ápù mẹ́rin, mo lè fi ra ẹ̀fọ́ tí ilé mi máa jẹ lọ́sẹ̀ kan. Aṣọ ni mò ń rán, ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwa mẹ́fà la wà nílé. ₦25,000 ni mo ń ná lórí oúnjẹ lọ́sẹ̀. Bí iṣẹ́ ò bá wọlé, kì í tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí à ń jẹ nìyí. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti tíì, èmi máa ń fi ṣúgà oníhóró mẹ́rin sí tèmi. Lọ́sàn-án, gààrí tàbí índómì. Lálẹ́, túwó tàbí àmàlà. Bí oníbàárà bá fẹ́ ṣe mí lóore, mọ́ọ̀tì tútù ni wọ́n máa ń rà wá.

Ṣé ẹni tí kò lówó ápù ò lè rí oúnjẹ tó dáa jẹ ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọ̀fà
Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àwáwù. Ẹ fi ápù sílẹ̀, ibi tó ti ń hù ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ohun tí ẹ ń mu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ohun tí ẹ ń jẹ. Ṣúgà hóró mẹ́rin yẹn àti mọ́ọ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde nílé. Ìyẹn ò ní ná yín ní kọ́bọ̀, owó ló máa kù sí yín lọ́wọ́.

Alhaja Ẹlẹ́wà, Ìpàta
Ajé, 10:05 alẹ́

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ta ẹ̀wà, òun náà ni mo fi ń gbé ara mi ró láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún èmi náà pé ṣúgà mi ga.

Fi ẹ̀wà rọ́pò búrẹ́dì láàárọ̀. Kì í tètè dà nínú, ṣúgà rẹ̀ kì í wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti búrẹ́dì, ebi ò sì ní tètè pa ọ́. Má ra á ní agolo mílíìkì, àgbàná nìyẹn. Kóńgò ni kó o máa rà, tàbí kí ẹ̀yin mẹ́ta mẹ́rin dáwó jọ ra àpò kan kí ẹ pín in. Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi àkọ́kọ́ nù, inú ò ní máa wú àwọn ọmọ. Bó o bá ti rẹ ẹ́, gáàsì tàbí èédú tó o máa fi sè é náà dín kù.

Àmọ́ má jẹ ẹ́ bákan náà lójoojúmọ́, ó máa sú ọ. Lónìí sè é pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà àti irú, kó o fi ìwọ̀nba epo sí i. Lọ́la ọ̀lẹ̀lẹ̀, inú ewé ni kó o pọ́n ọn sí, má fi ọ̀rá sè é. Ọ̀tunla ẹkuru. Bó o bá fẹ́ jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀. Àkàrà ni kó o dín kù, torí ó ń mu òróró.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ, kí àwọn tá a jọ ń ṣòwò má bínú sí mi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wà sísè tí wọ́n ń tà lójú títì ló ní ṣúgà nínú, kó lè dùn. Tìrẹ, sè é fúnra rẹ. Kó o sì fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta kó o tó rẹ ẹ́. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò sínú àpò. Bó o bá gbóòórùn oògùn lára ẹ̀wà, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ọmọ Alfa, Ọjà Ọba
Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ fi oyin rọ́pò ṣúgà. Oyin ò ní ṣúgà nínú, oògùn ni. Kí ẹ sì máa gún ewúro, kí ẹ fún omi rẹ̀, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Bàbá kan ládùúgbò wa ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fi hóró oògùn ọsibítù sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀mù-Àrán
Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ọmọ Alfa, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́, àmọ́ jẹ́ kí n tún un ṣe kíákíá, torí ẹlòmíì lè kà á kó sì tẹ̀ lé e.

Oyin ní ṣúgà. Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2015, wọ́n ka ṣúgà inú oyin àti ti inú omi èso mọ́ èyí tó yẹ kí èèyàn dín kù. Ó dára púpọ̀ lọ́nà mìíràn, àmọ́ fún ẹni tó wà níbi tí Ìyá Àwáwù wà, ṣíbí oyin kan, ṣíbí ṣúgà kan, ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà.

Ewúro jẹ́ ẹ̀fọ́ tó dáa. Ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́ lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn sílẹ̀ nítorí rẹ̀ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 31, mo rí ọkùnrin tó fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tó ń mu omi ewúro. Egbò kékeré ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló gbé e padà wá, egbò náà kò san mọ́. Mi ò lè gbàgbé ojú ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Àwáwù, ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ iye tí wọ́n kọ fún yín. Ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀, bí tirẹ̀ ò bá tó 100, ó dáa. Láti 100 sí 125, ibẹ̀ ni ẹ wà. Bó bá tó 126, tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò tó ṣì tó bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. Ẹni tó wà láàárín lè padà sẹ́yìn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó padà.

Ọmọ Ọ̀fà sọ òótọ́ lórí nǹkan mímu. Ẹ wo ẹ̀yìn ike míńírà tàbí mọ́ọ̀tì, wọ́n máa ń kọ iye ṣúgà tó wà nínú mìlílítà 100. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10, ike 50cl ti gbé gíráàmù 50. Nǹkan bíi gíráàmù 4 ló ń wọ ṣíbí tíì kan. Ó ti lé ní ṣíbí 12 nínú ike kan ṣoṣo! Àjọ kan náà yẹn ní bí àgbàlagbà bá lè mú un wálẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí 6, ó dáa jù. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé omi tútù ni ẹ ń mu báyìí.

Àwo yín ni kí ẹ wá tún tò. Ìdajì rẹ̀, ẹ̀fọ́. Ìdá mẹ́rin kan, ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹyin tàbí wàrà. Ìdá mẹ́rin tó kù ni túwó tàbí àmàlà tàbí ìrẹsì. Èyí tí a mọ̀ nílé wa yàtọ̀: òkèlè máa ń kún àwo, ọbẹ̀ á wà létí rẹ̀ bí àlejò.

Bàbá Lékan, Tánkẹ̀
Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi ti wíìtì kún un, torí owó tí mo ti ná lórí rẹ̀ dùn mí. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo èèyàn ní kí n fi àmàlà sílẹ̀, kí n máa jẹ wíìtì. Mo wá ń jẹ wíìtì bó ṣe wù mí, òkèlè ńlá méjì, torí mo gbà pé oúnjẹ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ṣúgà ò wálẹ̀.

Ọmọ mi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún mi. Mo jẹ wíìtì ńlá méjì, lẹ́yìn wákàtí méjì mo wọ̀n ọ́n, 211. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ àmàlà kan tí kò ju ìkúùkù mi lọ, pẹ̀lú ewédú tó pọ̀ àti ẹja, 148. Ara tèmi ni mo ń sọ o, ti ẹlòmíì lè yàtọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ìwọ̀n òkèlè ni mò ń wò, mi ò wo orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó Olóyè, Òró
Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Bàbá Lékan, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dáa jù. Òun ni mo ń jẹ.

Bàbá Lékan, Tánkẹ̀
Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Ó dáa, mà, mi ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ẹ wo iye rẹ̀ lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀lùbọ́ iṣu. Ẹni tó ní ₦25,000 fún èèyàn mẹ́fà, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn rẹ̀. Kó fi owó tó máa fi kún un ra ẹja ṣáwá.

Ọmọ Ìgbómìnà
Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, túwó yín gan-an ni oògùn, bí ẹ bá sè é bí àwọn ìyá wa ṣe ń sè é. Ẹ ra ọkà bàbà, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ má kù ú. Èèpo rẹ̀ tí ẹ ń kù dànù ni kì í jẹ́ kó tètè di ṣúgà nínú ara. Ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀rá tó ń dán lórí igbá, wọ́n ti bó gbogbo ohun tó dáa kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀fọ́ wá ńkọ́? Nílé wa, a kì í ra ẹ̀fọ́ lásìkò òjò. Gbúre, tẹ̀tẹ̀, èbòlò, yánrin, gbogbo wọn ń hù. Bí ẹ ò bá ní ilẹ̀, ẹ wá àpò ìrẹsì tó ti gbó, ẹ da ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i, ẹ fọ́n irúgbìn ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ẹ ti ń já a. Gbúre ò tiẹ̀ fẹ́ irúgbìn, igi rẹ̀ tí ẹ bá já ewé rẹ̀ tán ni kí ẹ tì bọlẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ wọ́n, ìṣápá gbígbẹ wà, ilá gbígbẹ wà. Ìṣápá tí a fi ẹ̀gúsí àti irú sè, mi ò rí ẹni tó ń ṣàárò ẹran níbẹ̀. Irú náà ni kó rọ́pò ìdajì mágì tí ẹ ń fọ́ sọ́bẹ̀, torí iyọ̀ ló kún inú mágì, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì sábà máa ń rìn pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Sango
Ìṣẹ́gun, 10:19 alẹ́

Yàrá kan ni mò ń gbé, mi ò ní firísà, iná náà ò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Gààrí mi, mi ò fi ṣúgà sí i mọ́. Kúlíkúlí ni mo fi ń mu ún, èyí tí wọn ò fi ṣúgà sí, mo sì dín gààrí kù sí ìdajì ife. Bí mo bá ní owó díẹ̀, mo máa ń ra wàrà dídín lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní.

Alhaja Ẹlẹ́wà, Ìpàta
Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Wàrà dáa o, ọmọ mi, àmọ́ èyí tí wọ́n dín yẹn ti mu òróró bíi kàn-ìn-kàn-ìn, òróró ọ̀hún sì lè ti wà lórí iná láti àná. Ra èyí tó wà nínú omi rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ewé bómubómu mú dì. Gbé e délé, fọ̀ ọ́, gé e, sè é dáadáa pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Sango
Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Ẹ ṣeun, mà. Mo rò pé wọ́n ti sè é tán kí wọ́n tó gbé e wá, ṣé ó tún pọn dandan kí n sè é?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀mù-Àrán
Ọjọ́rú, 8:44 àárọ̀

Ó pọn dandan. Wọ́n gbé e lórí iná lóòótọ́, àmọ́ omi àti ọwọ́ tó ti fara kàn án láti ibẹ̀ títí dé ọjà kò níye. Sè é.

Wàrà ṣóyà náà wà fún ẹni tí ti màlúù bá wọ́n fún. Ẹni tó bá ń ṣe ṣóyà nílé, kó jẹ́ kó hó dáadáa. Ṣóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí inú lọ èròjà aṣaralóore bó ṣe yẹ, ó sì lè da inú rú.

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkànbí
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n aṣọ mi. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ọkọ mi ní òkèlè kékeré ò lè gbé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Èkejì, ẹ̀wà olóyin tí gbogbo ilé fẹ́ràn, ṣé kì í ṣe ṣúgà ló mú un dùn? Ẹ̀kẹta, ààwẹ̀ ń bọ̀. Nílé wa, sobo, kùnnú àti nǹkan dídín la fi ń ṣínu.

Alhaja Ẹlẹ́wà, Ìpàta
Ọjọ́rú, 9:52 alẹ́

Olóyin, orúkọ ni. Kò sẹ́ni tó da oyin sí i. Bó ṣe hù nìyẹn, jẹ ẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà
Ọjọ́rú, 10:10 alẹ́

Ní ti ọkọ yín, ẹ fún un ní ọ̀dùnkún. Nílùú wa, ọ̀dùnkún ni wọ́n fi mọ̀ wá, àwọn bàbá wa sì ń fi í roko. Ó dùn, kò sì ní ṣúgà tí wọ́n fi sí i, ẹ lè jẹ ẹ́ bó bá ṣe wù yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀mù-Àrán
Ọjọ́bọ̀, 7:15 àárọ̀

Ọmọ Ọ̀fà, mo fẹ́ràn ọ̀dùnkún yín, àmọ́ kì í ṣe bó bá ṣe wù wọ́n. Ọ̀dùnkún wà ní ìdí kan náà pẹ̀lú iṣu àti túwó nínú àwo. Bí wọ́n bá sè é tèèpo-tèèpo, ṣúgà rẹ̀ kì í sáré wọ ẹ̀jẹ̀ tó ti èyí tí wọ́n sun tàbí tí wọ́n dín. Ègé méjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹyin, oúnjẹ gidi nìyẹn.

Ìyá Àwáwù, ọkọ yín ń ṣe iṣẹ́ agbára, tirẹ̀ lè pọ̀ ju tiyín. Ẹ má sọ ọ́ di ìjà. Ẹ bu ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ẹ̀wà fún un dáadáa kí òkèlè tó dé, òun fúnra rẹ̀ lè ṣẹ́ òkèlè kù. Ìjókòó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni tiyín. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ dìde, kí ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ní ti ààwẹ̀, ẹni tó ti ń lo oògùn ṣúgà, bí ìyá yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí dókítà ṣáájú kí oṣù tó lé. Ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ lójijì lọ́sàn-án, ìyẹn náà ń pani. Sobo, ìṣápá pupa ṣáá ni. Ẹ fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sè é, ẹ má fi ṣúgà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa kan, lẹ́yìn ìyẹn ahọ́n á mọ̀ ọ́n. Dàbínù kan tàbí méjì tó láti fi ṣínu, òun náà ní ṣúgà tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, omi, kí ẹ wá jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣáájú nǹkan dídín.

Ọmọ Alfa, Ọjà Ọba
Ọjọ́bọ̀, 8:02 àárọ̀

Mo gba àtúnṣe, Nọ́ọ̀sì Àgbà. Mo ti lọ bá bàbá tí mo sọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ wọn á mú wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkànbí
Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi.

Ṣúgà hóró mẹ́rin, mo dín in sí méjì lọ́sẹ̀ kìíní, kan lọ́sẹ̀ kejì. Látọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò fi nǹkan kan sí tíì mọ́. Orí fọ́ mi lọ́jọ́ méjì, ó sì lọ. À ń jẹ ẹ̀wà ní àárọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀, búrẹ́dì ku ẹ̀ẹ̀kan. Túwó ọkà bàbà tí a ò kù, àwọn ọmọ kọ́kọ́ ní ó dúdú. Mo fi ọbẹ̀ ìṣápá sí i, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Àpò ìrẹsì mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé báyìí, méjì tẹ̀tẹ̀, kan ewédú, mo sì ti gbúre bọ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibi tí mi ò tíì ṣe dáadáa ni gààrí ọ̀sán. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, òun ni ọwọ́ mi ń lọ bá.

Owó náà nìyí, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì á fẹ́ mọ̀ ọ́n: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦22,500 ni mo ná. Owó ṣúgà, búrẹ́dì àti índómì ni mo yí sí ẹ̀wà àti ẹja ṣáwá.

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí ilé òògùn, kí n tó jẹun. 107. Mo sunkún níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀mù-Àrán
Àìkú, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ fún yín, ọmọ mi. Ẹ má dúró síbẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c fún yín, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ti gààrí, ẹ máa se ẹ̀wà àárọ̀ kó lé díẹ̀, kí ẹ gbé abọ́ kan dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Alhaja Ẹlẹ́wà, Ìpàta
Àìkú, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ọkọ̀ ẹ̀wà mi á wọlé lọ́jọ́ Àlàmísì. Ìyá Àwáwù, ìwọ àti àwọn méjì tí ẹ fẹ́ jọ pín àpò, ẹ mú àpò òfìfo tiyín dání, kí ẹ sì tètè dé kí oòrùn tó mú. Màá wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkànbí
Àìkú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

A ń bọ̀, mà. Ìyá mi ní àwọn náà fẹ́ bá wa wá.